Bàbá Ìjàpá Dá Yín Lóhùn: Mọ́tò Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tò Nílé

Bàbá Ìjàpá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó ní Súrúlérè ni mò ń gbé, iṣẹ́ rìwáyà ni mò ń ṣe, ọmọ ọdún 29 sì ni mí. Mo ra Ìjàpá 1300 kan, ìyẹn Volkswagen Beetle, lọ́wọ́ opó kan ní Ìtirè. Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò. Ara rẹ̀ ti jẹrà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń yí. Mo fẹ́ bọ́ ara yẹn dànù, kí n gé ṣásí rẹ̀, irin abẹ́ tí ara jókòó lé, kúrú, kí n wá fi fáíbà (fiberglass) ṣe ara tuntun sí i, irú èyí tí kò ní òrùlé, tí àwọn òyìnbó fi ń sáré létí òkun. Ọ̀rẹ́ mi tó jẹ́ wẹ́dà ní ká bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀. Ṣé àwọn VIO, àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò fún ìjọba, á fún mi níwèé tí mo bá tò ó tán? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?
— Ọmọ Rìwáyà, Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó

Ọmọ mi, sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ pé kó wá nǹkan mìíràn ṣe ní Sátidé. Kò tíì yá.

Gbé àga ẹ̀yìn kúrò ná. Wàá rí bátìrì, tàbí ibi tí bátìrì wà rí, lápá ọ̀tún. Láàárín ọkọ̀ níbẹ̀, lórí irin tó yọ gọngọ láti iwájú dé ẹ̀yìn, èyí tí àwa ń pè ní táńẹ́ẹ̀lì, wọ́n tẹ nọ́ńbà kan sí i lára. Nọ́ńbà ṣásí nìyẹn. Fi búrọ́ọ̀ṣì onírin rọra ha ìpẹtà ojú rẹ̀ kúrò, má fi ẹ̀rọ fáílìn kàn án o, kí o wá fi wé èyí tó wà nínú ìwé tí opó yẹn kó fún ọ. Bí méjèèjì bá bára mu, o ní mọ́tò. Bí wọn ò bá bára mu, irin lásán lo rà, kí o sì yára padà lọ bá ìyá náà kí owó tó tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú mi ti rí i rí ni mo fi ń sọ ọ́. Ní 1978 ni mo wọ ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, ní títì Badagry, ọdún kẹta lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò níbẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń sọ ara Ìjàpá kalẹ̀ sórí ṣásí ni wọ́n fi mí sí, ibẹ̀ sì ni orúkọ yìí ti mọ́ mi lára. Mo ti di bóòtù yí Ìjàpá ká débi pé mo lè dì í nínú òkùnkùn. Síbẹ̀, ní 1991, tí èmi náà fẹ́ ṣe irú ohun tí o fẹ́ ṣe yìí ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, mo fi ọkọ̀ sílẹ̀ fún wẹ́dà, mo lọ jẹun. Kí n tó fọwọ́ tán, kí n tó dé, ọ̀gá ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ti fi ẹ̀rọ fáílìn tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Ó ń dán bí àwo tánganran. Ó dúró, ó ń retí kí n yìn ín. Nọ́ńbà ṣásí mi ti di eruku nílẹ̀.

Nígbà tí mo gbé e lọ fún àyẹ̀wò, ọ̀gbẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò bẹ iná wò, kò bẹ bíréèkì wò. Ó ní kí n gbé àga ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ pa ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó wò mí lójú, ó ní, "Bọ̀dá, mọ́tò ta nìyí?" Mi ò bá a jiyàn, èmi ni mo jẹ̀bi. Ọdún mẹ́rin ni ọkọ̀ yẹn fi wà lẹ́yìnkùlé, tí adìyẹ ń yé sínú rẹ̀. Òwódé Onírin ló parí sí. Wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n, wọ́n sanwó rẹ̀ bíi ti páńtí irin.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ ìwé ni kí o kọ́kọ́ parí. Gba rìsíìtì lọ́wọ́ ìyá náà, kí ìwé ọkọ̀ kúrò lórúkọ olóògbé, kó wá sórúkọ rẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kọ lẹ́tà kan, ya àwòrán ohun tí o fẹ́ ṣe sí i, kó o lọ sí ọ́fíìsì VIO, kí wọ́n tẹ sítáǹbù sí ẹ̀dà tí wàá mú bọ̀ wálé. Irú ọkọ̀, àwọ̀ rẹ̀, nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì àti nọ́ńbà ṣásí, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé. Èyíkéyìí tí o bá yí padà níbẹ̀, ìwé gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá tó bá dá ọ dúró lábẹ́ bíríìjì Ojúẹlẹ́gbà kò fẹ́ gbọ́ pé o mọṣẹ́. Ìwé ló máa ní kí o mú wá.

Ya fọ́tò lójoojúmọ́ tí o bá ṣiṣẹ́. Gbogbo ohun tí o bá rà ní Ládípọ̀, gba rìsíìtì rẹ̀, kódà kó jẹ́ ẹ̀yìn páálí ìpara ni ọmọ náà kọ ọ́ sí. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní rìsíìtì, ẹjọ́ ló ní.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ gígé ṣásí. Bruce Meyers tó bẹ̀rẹ̀ irú mọ́tò yìí ní California ní 1964, èyí tó wá ń tà fún aráyé, orí ṣásí Ìjàpá tí wọ́n gé bí ínṣì 14 kúrò lára rẹ̀ ló ń jókòó lé. Láti àárín táyà iwájú dé àárín táyà ẹ̀yìn, mìlímítà 2,400 ni Ìjàpá. Òun fẹ́ kí tirẹ̀ kúrú kó lè máa fò lórí òkìtì iyanrìn. Òkìtì iyanrìn wo lo rí láti Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó dé Máṣálásí? Inú táńẹ́ẹ̀lì yẹn ni irin gíá gbà kọjá, àti wáyà kílọ́ọ̀ṣì, àti wáyà asẹlirétọ̀, àti páìpù epo. Ọjọ́ tí o bá gé ṣásí lo máa gé gbogbo wọn, tí gíá bá sì ń yọ́ ní àárín Third Mainland, orí rẹ ló wà. Ìwọ lo máa ya móòdù fáíbà fúnra rẹ, kò sẹ́ni tó rán ọ pé kí o yà á kúrú. Yà á kó bá ṣásí mu bó ṣe wà. Èmi ò ní gé e mọ́ láyé mi.

Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ kì í mọ̀ ni pé ara tí o fẹ́ bọ́ dànù yẹn ló ń mú ṣásí dúró. Tí o bá ti tú u kúrò, ṣásí Ìjàpá á máa tẹ̀ bíi pákó tí wọ́n tẹ́ sórí kòtò. Fáíbà kò lè ṣe iṣẹ́ irin. Páìpù onígun mẹ́rin ni kí ọ̀rẹ́ rẹ fi jó férémù yí etí ṣásí ká, kó sì tẹ páìpù tó nípọn dáadáa kọjá lókè orí ìwọ àti ẹni tó bá jókòó tì ọ́, torí mọ́tò tí kò ní òrùlé, tó bá dojú dé, orí ẹ̀dá ni òrùlé rẹ̀. Ara férémù yìí ni bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó máa wọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 7/16, pẹ̀lú irin pẹlẹbẹ lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó dì í mọ́ fáíbà. Ọjọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ṣe ni á fà á ya bí ewé ẹ̀kọ. Bóòtù tó bá sì ń di nǹkan tó lè pààyàn mú, wo orí rẹ̀ kí o tó rà á. Bí o kò bá rí 8.8, àmì bó ṣe lágbára tó, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí rẹ̀, dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Fáíbà fúnra rẹ̀ kò le. Àwọn tó ń fi í ṣe ọkọ̀ ojú omi àti tánkì omi wà káàkiri Èkó, lọ jókòó tì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan. Àgbo tó ń mú un le, ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń pò mọ́ résìn, omi tí wọ́n ń dà sára fáíbà, ooru wa níhìn-ín sì máa ń mú un dì kíákíá. Ìdájí ni kí o ṣe é, kí o pò ó díẹ̀díẹ̀. Dí imú rẹ, kí o wọ awò ojú. Àgbo yẹn, tó bá ta sí ẹyinjú, ó lè fọ́ ọ. Mi ò fi ṣeré rárá.

Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, kò lómi. Ibi tí àwọn mẹkáníìkì wa ti ń pa á nìyẹn. Àwọn páànù pẹlẹbẹ tó yí ẹ́ńjìnnì ká, wọ́n á tú wọn sọnù, wọ́n á ní kí afẹ́fẹ́ lè wọlé dáadáa. Irọ́ ni! Páànù yẹn ló ń darí afẹ́fẹ́ gba orí sílíńdà, tó sì ń sé ooru ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Láìsí i, góósílóò láti Fádéyì dé Ànthony tó láti jó ẹ́ńjìnnì rẹ. Wá gbogbo rẹ̀ padà. Óìlì rẹ̀ kò ju lítà 2.5 lọ, nítorí náà bó bá dín díẹ̀, ó dín púpọ̀. Àlàfo fáàfù rẹ̀, 0.15 mìlímítà ni nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Bí iná jẹnẹrétọ̀ bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù nígbà tí ò ń lọ, má ní kí o délé ná. Bẹ́líìtì fáànù lè ti já, kò sì sí ohun tó ń tu ẹ́ńjìnnì mọ́. Dúró lójú ẹsẹ̀.

Róbà epo ńkọ́? Pààrọ̀ gbogbo rẹ̀, kí o di kílíìpù sí i. Páìpù bàbà kékeré tí epo ń gbà wọ kabúrétọ̀ máa ń tú kúrò ní ihò rẹ̀, epo á sì máa ṣàn sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Bí ọ̀pọ̀ Ìjàpá ṣe jóná ní Èkó nìyẹn, wọ́n á ní ayé ló ṣe é.

Bíréèkì: gbogbo róbà rẹ̀, gbogbo páìpù rẹ̀, gbogbo sílíńdà ẹsẹ̀ táyà, tuntun ni kí o ra. Òróró bíréèkì máa ń fa omi nínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ Èkó sì kún fún omi, má ra agolo tí wọ́n ti ṣí. Lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ní àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń lo kọ̀ǹpútà, wọ́n á gbé táyà rẹ sórí irin róbótó tó ń yí, wọ́n á ní kí o tẹ bíréèkì, kí o fa hándibíréèkì. Ẹ̀rọ ló ń sọ èyí tó mú àti èyí tí kò mú, ẹnu dídùn ò wúlò níbẹ̀. Wọ́n á wo iná, èéfín, húọ̀nù, dígí àwòrẹ́yìn, wáípà. Rìwáyà ni ọ́, mi ò ní kọ́ ọ ní iná. Rántí sí-kọ́ṣọ̀n àti ẹ̀rọ pàna-pàna. Ìwé adójútòfò fún ọkọ̀ ara ẹni, èyí tó kéré jù, ₦15,000 ni láti oṣù kìíní 2023. Ẹni tó bá ní òun á bá ọ ṣe é ní ẹgbẹ̀rún méjì, bébà ló ń tà.

Ọmọ ilé ìwé kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Segun Oyeyiola, fi Ìjàpá ṣe mọ́tò tó ń lo oòrùn àti afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ọdún 2014, ayé gbọ́ nípa rẹ̀. Kò burú kí ìwọ náà dán tìrẹ wò. Àmọ́ àga ẹ̀yìn ni o, kì í ṣe fáílìn.

Bàbá, mo kí yín láti Láfíàjì. Ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní Manchester ra mọ́tò kan tó wà nínú páálí, ó sì fi ọdún méjì gbáko tò ó sínú gáréèjì rẹ̀. Ó gbé e lọ fún àyẹ̀wò ìjọba, wọ́n já a. Kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, kì í ṣe bíréèkì, wọ́n ní etí irin kan mú jù! Ṣé kì í ṣe pé àwọn èèyàn yẹn ń wò ó níwòkuwò? Ó ti ń sọ pé òun á gbé e wá sílé.
— Baba Rẹ̀, Láfíàjì

Alàgbà, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ni wọ́n ń ṣe fún ọmọ onílẹ̀.

Mo wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Coventry ní 2012 nígbà tí òun náà ń kojú àyẹ̀wò yẹn. IVA ni wọ́n ń pè é, láti 2009 ni wọ́n ti ń lò ó dípò ti tẹ́lẹ̀. Mo rò pé Yorùbá tó bá ti ṣe iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ló máa kọ́ wọn níṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò mú bọ́ọ̀lù kan jáde, fífẹ̀ rẹ̀ 100 mìlímítà, ó ń fi í pa ara mọ́tò káàkiri. Ibi tí bọ́ọ̀lù yẹn bá ti lè kàn, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ ká kóróbójó, ó kéré tán bí ìká róbótó tí rédíọ́ọ̀sì rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 2.5. Mo rẹ́rìn-ín sínú. Àfi ìgbà tó dé ìdí dígí, tí ẹnu bóòtù kan yọ síta bí eyín, tó ní, "Ká ní ọmọ kékeré ni mọ́tò yìí gbá." Mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọjọ́ kejì ni a ra ìdérí róbà fún bóòtù, a lẹ róbà mọ́ etí páànù, a fi sánpépà pa ìyókù. Ó padà lọ, ó yege. Kí ọmọ yín náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tún fi téèpù wọn iná iwájú kó tó padà: iná iwájú tí wọ́n ń rẹ̀ sílẹ̀ (díìmù) gbọ́dọ̀ wà láàárín 500 sí 1,200 mìlímítà sílẹ̀. Traféètọ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́jú ní ìgbà 60 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ojú ìwọ̀n ìsáré náà kò gbọ́dọ̀ sọ pé ó ń rọra lọ nígbà tó ń sáré. Bí àwọn ohun èlò rẹ̀ bá sì jẹ́ àdàlù tí wọn ò mọ ọjọ́ orí wọn, nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Q ni wọ́n á fún un. Kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Láti 1957 ni Lotus ti Colin Chapman ti ń ta Seven ní títú sínú àpótí, torí owó orí tí ìjọba ń gbà lórí mọ́tò tí wọ́n tò tán kò kan èyí tí ẹni tó rà á bá fúnra rẹ̀ tò. Ní 1973, Caterham gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń ṣe é dòní.

Ní ti pé kó gbé e wá sílé: ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Irú mọ́tò yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jókòó sílẹ̀ bí ẹní. Tí òjò Keje bá rọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ ojú omi ló máa nílò.

Bàbá, fọganáísà ni mí ní Mushin. Oníbàárà mi kan ń to mọ́tò fúnra rẹ̀, ó fẹ́ kí n bá a wá táyà tòkunbọ̀ tí gígé rẹ̀ ṣì jinlẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ èyí tó dáa?

Má wo gígé nìkan. Wo ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí wọ́n kọ DOT sí, wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn. Bí o bá rí 3514, ọ̀sẹ̀ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n-dín-ní... rárá, ẹ jẹ́ n fi nọ́ńbà sọ ọ́: ọ̀sẹ̀ 35 nínú ọdún 2014 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè ní gígé bíi tuntun kí róbà rẹ̀ ti kú. Tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí o bá rí sísán wẹ́wẹ́ bí ẹsẹ̀ tó ya nígbà ọyẹ́, fi í ṣe àga ìjókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Bàbá Ìjàpá, ẹ gbà mí. Ọdún karùn-ún rèé tí ọkọ mi ti tú mọ́tò kan palẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa ní Agége. Ẹ́ńjìnnì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì. Ó ní òun ń tò ó ni. Àlejò ò lè wọlé, àbíkẹ́yìn mi ti kọ́ ìrìn láàárín bóòtù. Kí ni kí n ṣe?
— Ìyá Ìbejì, Agége

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má pariwo mọ́, kì í gbọ́ ọ. Ẹ ra ike onídèérí bíi ogún, kí ẹ ní kó kó bóòtù apá kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀, kó kọ orúkọ sí i lára. Láàárín ọjọ́ méjì, òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ bóyá nǹkan tó ń wá ṣì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, á jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, ìdajì nǹkan ni a ti gbàgbé ibi tí a tú u sí, ojú ló ń tì wá láti sọ fún ìyàwó.

Bó bá wá gbà pé òun ò ṣe mọ́, ẹ bi í léèrè irú mọ́tò tó jẹ́. Tó bá jẹ́ Ìjàpá ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ̀wé sí mi kí ẹ tó pe àwọn onírin. Mò ń wá gíábọ́ọ̀sì.